Ìyá Ìṣó Tó Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Fọ́gò

Aṣọ́nà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹ báàgì Ìyá Ìṣó wò, ó mi orí. "Mọ́mì, ẹ má bínú, a kì í mú ọ̀bẹ wọlé síbí."

Ìyá Ìṣó bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko lòun náà fi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọkùnrin tó ga ju férémù ilẹ̀kùn lọ. Ó fa ọ̀bẹ eléèkù egungun náà yọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Kì í ṣe tèmi."

Fọ́gò ni wọ́n ń pe ilé ọtí tó ṣọ́ nígbà náà. Ká má parọ́, orúkọ náà bá a mu. Kò sí àga kan níbẹ̀ tí wọn ò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, pákó sì ti gba ipò dígí ojú fèrèsé tipẹ́. Àwọn alápatà, àwọn aláàárù èbúté àti àwọn aránbàtà ló ń mu níbẹ̀, tọ̀bẹtọ̀bẹ ni wọ́n sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Nígbà tó gbaṣẹ́, opó ni, ó ń dá tọ́ ọmọ kan, kò sì ga ju káńtà lọ. Ó kan pákó kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbá ogójì ìṣó sí i, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mutí, kó kọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ síbẹ̀.

"Tí mi ò bá kọ́ ọ ńkọ́?" ni aláàárù kan bi í.

"Wàá lọ mu omi nílé ìyá ẹ."

Aláàárù kọ́ ọ̀bẹ. Òfin kejì tún wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹni tí ọtí bá ti pa kò ní gba ọ̀bẹ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ìbáà ṣe onílé ọtí fúnra ẹ̀. Wọ́n ja ìjà ní Fọ́gò, wọ́n yọ eyín ara wọn, wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn ya. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí katapílà dé láti wó o, Ìyá Ìṣó yọ pákó rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Ìyẹn ti lé lógójì ọdún báyìí. Ọmọ rẹ̀ tó di télọ̀ ló ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò Fọ́gò ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yìí fún un: "Ilé àwọn apànìyàn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti gún alápatà kan pa."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," ni télọ̀ wí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbé pákó yẹn, jàre!"

Bí wọ́n ṣe dé iwájú ọ̀gá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn, ọmọbìnrin onígíláàsì kan tó ń rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rí wo lẹ ní, Màmá?"

"Ẹ ní kí aṣọ́nà yín mú ọ̀bẹ yẹn wá."

Nígbà tí ọ̀bẹ dé, ohùn Ìyá Ìṣó rọlẹ̀. "Ọ̀bẹ alápatà yẹn rèé. Ojú títì ni wọ́n ti pa á, lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ti mutí yó. Ó bẹ̀ mí pé, 'Ìyá Ìṣó, ẹ fún mi lọ́bẹ mi, ẹnì kan ń ṣọ́ mi níta.' Mo rò pé ọtí ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó padà wá lọ́la."

Télọ̀ wo ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ èyí rí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun màmá náà wọ eegun, ṣùgbọ́n kò gbójú sílẹ̀.

"A máa tún un kọ pé ìta ni," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́. "Ti ọ̀bẹ yìí, a lè fò ó, kí wọ́n má baà dá yín lẹ́bi."

"Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ kọ ọ́! Ìyá Ìṣó ló gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì dá a padà. Tó bá tún mutí yó dé lónìí, mi ò ní fún un. Èmi fúnra mi ni màá sìn ín délé."

Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ ọ́, tí télọ̀ kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì kan pákó mọ́ ògiri. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí aṣọ́nà tó sáré bá wọn.

"Mọ́mì, ẹ gbàgbé ọ̀bẹ yín."

"Ṣebí mo sọ fún ẹ pé kì í ṣe tèmi? Gbé e kọ́ sórí ìṣó. Olóhun ò tíì wá gbà á."