Ìlà Mẹ́fà Nínú Fáìlì Ààbò

Ọ̀lẹ kọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Lásìkò tí wọ́n ń jí òṣìṣẹ́ epo gbé ní Port Harcourt bí ẹni ń ká ọsàn, èmi ni mo ń tọ́jú ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ wa fi ń kó wọn lọ síbi iṣẹ́. Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, la fi kọ ọ́. Bí ọ́fíìsì àwọn awakọ̀ ní Oyigbo bá béèrè, sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dáhùn ìbéèrè, á fún wọn ní orúkọ òṣìṣẹ́, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ àti aago tí bọ́ọ̀sì máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìlà mẹ́fà sínú fáìlì ààbò: ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà, aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá tiwa mu.

Aago yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bátìrì inú kọ̀ǹpútà Oyigbo ti kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn lọ́dún mélòó kan, sáfà á sì kọ̀ wọ́n.

Fúráídè kan, ọ̀gá àwọn awakọ̀ pè mí: "Madam, e no gree open o. Monday list never come." Mo ní kó tún aago ṣe. Ó tún un ṣe, iná tún lọ. Inú bí mi. Mo bá sọ ìlà mẹ́fà náà di àlàyé lásán, kí sáfà máa fojú fò wọ́n, mo ní tí lísìtì bá ti wọlé màá dá wọn padà. Lísìtì wọlé. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé.

Ìdájí Mọ́ńdè, bí mo ṣe ń fọ eyín, ó sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò tíì dá ìlà mẹ́fà yẹn padà. Mo sáré dé ọ́fíìsì, mo ṣí àkọsílẹ̀ sáfà. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kọ̀ǹpútà kan tí mi ò mọ̀ rí ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo lísìtì, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n ará Ìjẹ̀bú kan ní Iwofe, tó fún mi ní yàrá nílé rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí mi ò mọ ẹnì kankan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n jáde o."

"Wọ́n ti lọ. Bọ́ọ̀sì yín tètè dé lónìí."

Bọ́ọ̀sì wa ò tíì kúrò ní Oyigbo.

Ọjọ́ kọkànlá ni àwọn ajínigbé tó fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Ó ti rù hangogo, ó sì ń tiro títí dòní. Mo ti dá ìlà mẹ́fà náà padà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sọ. Ẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́, ẹ̀rù ojú ẹ̀gbọ́n ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kí wọn. Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní àwọn ni àwọn lé ọkọ àwọn jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà kí bọ́ọ̀sì má baà dúró, pé ká ní àwọn jẹ́ kó jẹun tán ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀, òun ti dárí jì wọ́n tipẹ́. Mo di ọwọ́ Àǹtí mú. Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, pé ẹ̀bi wọn kọ́.

"Àbúrò, ẹ̀bi ta wá ni?"

Mo gbé báàgì mi, mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú.