Bàbá Tó Ń Bọ́ Iyùn

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ayàwòrán ti to ẹbí tán, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá wá Bàbá Oníyùn tì. Ìyàwó sáré bọ́ síta tòun ti aṣọ funfun gbọọrọ. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń wọ takisí.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù. Àwọn iyùn ò tíì jẹun."

"Lónìí yìí náà?"

"Oúnjẹ kún inú gbọ̀ngàn, ìwọ sì lẹ́sẹ̀ láti lọ bù ú. Àwọn tó wà nílé ò lẹ́sẹ̀." Ó pa ilẹ̀kùn dé, takisí gbéra.

Gbogbo àdúgbò ló ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìyàwó ọjọ́ náà nìkan ni kò bá wọn rín in.

Télọ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ra àpótí gíláàsì kékeré kan, ó bu omi oníyọ̀ sí i, ó sì kó iyùn sínú rẹ̀. Kì í ṣe iyùn ọrùn o, iyùn ààyè ni, ẹ̀dá inú òkun tó ń yọ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú jáde bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ojú tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ wá ń rí ẹnu iyùn kedere, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀hún ò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ fún un. "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ohun tíntín kan bí ewé ń gbé inú ara wọn, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún wọn."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ náà ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọ nílé. Kí ló wá dé tí mo fi bá búrẹ́dì lẹ́nu rẹ?"

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á lọ edé lúbúlúbú, á pa ẹ̀rọ tó ń da omi rú, kí omi má baà gbá oúnjẹ lọ, á wá máa fi sírínjì kán an sẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tiẹ̀ á ti tutù lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bí mo bá tún ayé wá, iyùn ni màá yà."

Ọdún mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì fi retí kí bàbá òun pe òun béèrè àlàáfíà. Sírínjì ló ń pè é béèrè.

Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga iwájú àpótí náà. Nọ́ọ̀sì ò sunkún níbi ìsìnkú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kó bá òun bọ́ àwọn iyùn, ó fi ìbínú da odidi ife edé lé wọn lórí. "Ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ yó!"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti ń rùn, iyùn mẹ́rin nínú mẹ́fà ti kú. Nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ omi lọ́wọ́, ẹkún tí kò sun tẹ́lẹ̀ bá bú jáde.

Ìyá rẹ̀ gbé àga súnmọ́ ọn. "Ṣé o mọ ohun tí bàbá rẹ máa ń bá wọn sọ?"

"Kí ni n bá mọ̀ ọ́n fún?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni. 'Wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù o. Ó gbẹ̀bí ìbejì lánàá o.' Láti kíṣìnì ni mo ti ń gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ò sọ ọ́ fún èmi?"

"Mo bi í. Ó ní ìwọ máa ń fèsì."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu. Ó rín in títí ó fi di ìhà mú. "Arúgbó burúkú," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Ó pa ẹ̀rọ omi. Ó fa edé díẹ̀ sínú sírínjì, ó dúró títí ọ̀kan nínú méjì tó kù fi yọ ọwọ́ jáde, ó wá rọra kán an sí i lẹ́nu.

"Ẹ má bínú," ló wí fún wọn. "Bàbá wa ò ní lè wá lónìí."