Ẹja Tí Daddy Jayden Kì í Gbé Wálé

Láti Woolwich dé Thamesmead, bí ọmọ ẹnìkan bá fẹ́ wọ ilé ọkọ, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì mọ irú ilé tí ó fẹ́ wọ̀, Auntie Felicia ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe alárinà. Kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ni Ọlọ́run fún un. Yóò wọ ilé àwọn ènìyàn bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ, yóò kí wọn, kò ní jẹ, kò ní mu. Kí ó tó dìde, yóò ti mọ ẹni tó ń mutí ní kọ̀rọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìyàwó rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ní ó wà ní Canada tó jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n tó wà nítòsí odò níbí ló wà.

"Ìfura loògùn àgbà," ni ó máa ń sọ. "Àjà tí kò fura ló ń jìn."

Ìfura yìí kì í ṣe ohun tí ó kọ́ ní London. Ọmọ Ìbàdàn ni, ilé wọn kò jìnnà sí odò Ògùnpa. Ó ti ń di ọmọge nígbà tí omi náà ya. Odò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ fò lánàá, tí àwọn ọmọdé ń tọ̀ sí, òun ló gbé ilé àti onílé lọ lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà Felicia kò fi ọkàn tán omi mọ́, nígbà tó sì yá, kò fi ọkàn tán ènìyàn mọ́. Ọkọ tó fẹ́ ẹ dé London tún jẹ́rìí sí i: ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun nílé, ó lọ, ó sì bímọ síbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Felicia kò bí ọmọ kankan. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń gbọ́ àwàdà kan náà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́. Ilé ìjọba tó wà ní Woolwich Dockyard ló ń gbé. Bó bá di ọjọ́ Friday, a gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ ní Thamesmead West, inú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, òun ni yóò sì ṣáájú àdúrà. Bó bá gbé ohùn sókè, páànù òrùlé a máa gbọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí Delight, ọmọ àbúrò rẹ̀, sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015 pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, Margaret ìyá ọmọ náà sọ ọ́ lójú gbogbo ìdílé pé ohun tí Sister òun bá ti sọ ni abẹ gé. Bí Felicia bá ní kí wọ́n wá, kí wọ́n wá. Bó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ tán.

Jayden, ọkọ àfẹ́sọ́nà náà, kò ní wàhálà. Felicia ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ni kò yé e. Bíyìí ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ń wa bọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì Felicia náà ló ń lọ, ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní apẹja ni. Ìyẹn kò burú. Àwọn àpọ́sítélì náà pẹja.

Àfi ọjọ́ tí Felicia gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sílé wọn láti ọ̀dọ̀ Margaret. Delight bá a lọ. Bàbá kò sí nílé, Jayden ló ṣílẹ̀kùn. Felicia ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun gbé ọbẹ̀ sínú fíríìjì. Ó ṣí i. Lábẹ́ ẹyin, ó rí ike kan tí wọ́n lu ìdérí rẹ̀ ní ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ó ṣí ìyẹn náà. Ìdin ló kún inú rẹ̀, funfun, wọ́n ń rá pálá.

"Ìdin rèé," ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ti Daddy ni," Jayden dáhùn. "Wọ́n fi ń pẹja. Tí kò bá sí nínú fridge, ó máa di eṣinṣin."

Felicia ṣí apá tí yìnyín wà. Adìẹ wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀.

"Ẹja tí wọ́n pa dà?"

Jayden rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í gbé e wálé, Auntie. They put it back. Inú omi ni wọ́n ń dá a padà sí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ adágún Birchmere kọjá, Delight di apá rẹ̀ mú.

"Auntie, ẹ ti ń ṣe ojú yẹn."

"Ojú wo?"

"Ojú ọlọ́pàá."

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń pa ẹja tí kò jẹ ẹ́, ṣé o ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?"

"It's a sport. Àwọn òyìnbó ń ṣe é."

"Bíyìí ti wá di òyìnbó."

"Auntie, please." Ọmọ náà dúró. Ilé ìwòsàn ni Delight ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í tètè sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Tí ẹ bá sọ rárá, Mummy ò ní yí i padà láéláé. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ẹlòmíì tí mo fẹ́."

 Felicia ló kọ́kọ́ gbé ọmọ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí ìyá rẹ̀ pàápàá tó gbé e. Nítorí náà gan-an ni kò fi lè fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ẹja tí ènìyàn kò jẹ, tí kò tà, kí ni ó fi ń ṣe? Ará etí omi ni Bíyìí. Ta ló mọ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ bá omi mulẹ̀ lé lórí? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin tó ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín, kí ló pa á kíákíá bẹ́ẹ̀? Felicia gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi hàn òun. Kò rí nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í rí nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá. Ó bá múra láti lọ fojú ara rẹ̀ wò ó.

Ní Saturday, yìnyín bo ilẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Jayden pé òwúrọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń wọ rélùwéè lọ sí ìhà Dartford. Felicia wọ ọ ní Woolwich Dockyard, ó fi ìbòrùn wé orí títí dé imú. Ní Plumstead, Bíyìí wọlé sí iwájú, àpò gígùn kan lẹ́yìn rẹ̀, àpótí kan lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀, Felicia sọ̀. Ó tẹ̀ lé e lókèèrè títí wọ́n fi kúrò láàárín ilé, tí wọ́n dé etí odò kékeré kan tí omi rẹ̀ dúdú, tí igi tó yí i ká ti wọ́ ewé dànù. Ó sá sẹ́yìn igi kan.

Bíyìí jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó bu nǹkan funfun láti inú àpò, ó fi ọwọ́ rún un, ó ṣù ú róbótó, ó jù ú sódò. Ó tún ṣu òmíràn, ojú kan náà ló jù ú sí. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà náà, ṣùgbọ́n Felicia kò gbọ́ ohùn.

"Ìpèsè," ni Felicia wí sínú ìbòrùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà na ọ̀pá rẹ̀ sórí omi, ó ń wo ohun pupa tíntín kan tó léfòó lókè okùn. Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ Felicia kú. Ìgbà tó yá, ohun pupa náà mì díẹ̀, ó rì, Bíyìí fà á. Ẹja kan jáde, ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, lẹbẹ rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, Bíyìí kọ́kọ́ ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ omi tútù náà. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún odò.

Kí ló tún kù? Felicia ti ń bá àwọn ẹ̀mí omi wí ní orúkọ Jésù lábẹ́ ahọ́n, ó ti ń wá fóònù láti ya fọ́tò, nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

"Sister Felicia, ẹ jáde wá. Yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà yín, ẹ ń dẹ́rù ba ẹja."

Ó jáde. Kí ni ì bá ṣe?

"Ìgbà wo lẹ rí mi?"

"Láti Plumstead. Ìbòrùn ọmọ ogun ọ̀run tí ẹ máa ń wé ní Friday náà ni." Ó dìde, ó fi àpótí sílẹ̀ fún un, ó jókòó sórí àpò. "Ẹ jókòó. Àwa náà ti ṣèwádìí tiyín."

"Tèmi?"

"Ti ìdílé yín. Wọ́n ní kò sí àléébù kankan níbẹ̀, àfi ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri."

Felicia kò rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń sọ fún omi?"

Bíyìí la ẹnu. Atalẹ̀ ló wà láàárín eyín rẹ̀. "Òtútù," ni ó wí.

"Ohun tí ẹ ń jù sínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Búrẹ́dì. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Ẹ ṣeun. Mo ti jẹun."

"Roach ni wọ́n ń pe ẹja náà. Bí òtútù bá mú báyìí, kì í rìn, kì í jẹun púpọ̀. Ẹ ó kàn fún un ní díẹ̀ kó lè mọ̀ pé oúnjẹ wà, ẹ ò ní jẹ́ kó yó."

"Ẹ ń fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú un."

"Ọwọ́ gbígbẹ a máa bó ara ẹja. Yóò kú lẹ́yìn tí ẹ bá lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ rí. Ó dà bíi kéèyàn máa jẹ abẹ́rẹ́ tí wọ́n rì sínú ẹrẹ̀." Ó fi ìdin kan há ìwọ̀. "Ẹ wò ó, Sister, òyìnbó kan wà nínú ẹgbẹ́ apẹja wa, ìgbàkúùgbà tí mo bá ń lọ, yóò wá yọjú sínú àpò mi bóyá mo jí ẹja gbé. Tí mo bá délé, àwọn ènìyàn wa á ní ẹja dà. Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tí mo lè ṣe."

Ó bu tíì fún un láti inú fíláàsì. Felicia kì í mu nílé ẹni tó bá ń wádìí, ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe ilé, ìka rẹ̀ kò sì mọ nǹkan mọ́. Ó gbà á. Ṣúgà ti wà nínú rẹ̀, ó dùn bí omi oyin. Ó mu ún, ó ń wo ọkùnrin náà láti òkè ife. Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló bára mu. Ìyẹn gan-an ló ń kọ ọ́ lóminú.

"Ṣé àdúrà ni ẹ máa ń wá gbà níbí?" ni ó bi í.

Bíyìí dé fíláàsì náà.

"Rárá," ni ó wí. "Ibí ni mo ti ń sinmi àdúrà."

Felicia gbé ife kúrò lẹ́nu.

"Nígbà tí ìyá Jayden wà lórí ibùsùn, gbogbo yín gbàdúrà. Èmi náà ké títí mi ò fi lóhùn mọ́. Wọ́n ní ó ti di ṣíṣe. Ẹ rántí. Lẹ́yìn tí a sin ín, mò ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń rí mi, mò ń ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá wà, tí mo la ẹnu, nǹkan kan kì í jáde. Níbí, kò sí ẹni tó ń retí pé kí n sọ nǹkan. Ẹ lè sọ fún wọn. Mi ò ní bínú."

Òrìṣà ni Felicia gbára dì fún. Kò gbára dì fún èyí. Ó sì mọ̀ pé èyí gan-an ni Margaret yóò fẹ́ gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ọ, kò sí ìgbéyàwó. Ó wo omi. Ó rántí yàrá rẹ̀ ní Dockyard, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ bí ẹni tó di fóònù mú tí kò gbọ́ ohùn kankan láti òdìkejì, tí yóò wá máa pariwo sí i kí ọkàn rẹ̀ má baà sọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ọdún tó fi tọrọ ọmọ. Gbogbo ènìyàn ni ó ń fura sí, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó fura sí jù, kò tíì dárúkọ Rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Bíyìí bi í.

"Èmi kọ́ ni wọ́n ní kí n wádìí."

"Òótọ́ ni," ni ó wí. Kó tó tún sọ̀rọ̀, ohun pupa náà rì. Ó ti ọ̀pá náà sí i lọ́wọ́. "Ẹ fà á. Jẹ́jẹ́. Ẹnu rẹ̀ ò le."

Felicia fà á bí ẹni tó ń fa owú nínú ọgbẹ́. Nígbà tí ẹja náà dé etí omi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ odò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, òtútù náà gé e bí ọ̀bẹ. Ẹja náà fò pì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ pupa, ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wo ojú àwọn ènìyàn. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tú u sílẹ̀.

Orí pèpéle rélùwéè ní Dartford ni fóònù Margaret ti bá a.

"Sister mi, kí lẹ rí?"

"Mo rí ọkùnrin kan tó ń pẹja."

"Tó sì ń dá a padà."

"Egúngún rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Kò bọ nǹkan kan?"

"Kò bọ nǹkan kan. Búrẹ́dì ló ń jù sómi."

"Ṣé ẹni Ọlọ́run ni?"

Felicia ṣí ìbòrùn kúrò lẹ́nu. "Kì í purọ́," ni ó wí.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Mo gbọ́ ohun tí o bi mí, Margaret. Mo ti wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tó sọ òótọ́ fún mi tó báyẹn rí. Jẹ́ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ."

Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu.

"Ohùn yín yàtọ̀," ni Margaret wí. "Ṣé ẹ mu nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo mu tíì."

Lẹ́yìn Margaret, Felicia ń gbọ́ tí ẹnìkan ń gbé abọ́ lé abọ́ bí ẹni tó ń fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n omi kò dún. Delight ni.

"Ta ló fi ṣúgà sí i?" Margaret bi í.

Láti ìgbà tí Felicia ti ń ṣe ìwádìí fún àwọn ènìyàn, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un rí, kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ tirẹ̀ nìyẹn.

"Èmi ni," ni ó wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú sí i."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Margaret mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kí wọ́n wá lẹ́yìn Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Pastor gbọ́wọ́ lé yín lórí lọ́la, ẹ jọ̀ọ́."

"Kó gbé e lé mi," Felicia wí, ó sì lọ wá ibi jókòó.