Ọmọbìnrin Tó Máa Ń Borí ní Ọjọ́rú

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn tí ọkùnrin kan gbà sílẹ̀ sí ojú ewé ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Mo mọ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn: ẹ̀ẹ̀kan fún ohun tí èèyàn sọ, ẹ̀ẹ̀kan fún ohun tó ń dùn ún.

“Ẹ̀yin ará,” ó wí, “olè wà láàárín wa. Iyansan ló ń gbé. Ẹ̀rọ ayédèrú ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ wo èsì ìdíje wa fúnra yín. Ní Ọjọ́ Ajé, Màmá oníròyìn pàápàá á nà án. Ní Ọjọ́ Ẹtì, èmi á nà án. Ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹ bá mi wá èèyàn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Ọjọ́rú nìkan.”

Èmi ni Màmá oníròyìn. Èmi náà ni mo burú jù nínú gbogbo ẹgbẹ́, ìdí nìyẹn tó fi fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí fóònù ni. Oníkálukú máa ń jókòó sí ilé tirẹ̀, l'Ókìtìpupa, ní Òde-Ìrèlè àti ní àwọn abúlé tó yí wa ká, wọ́n á sì máa gbá bọ́ọ̀lù lu ara wọn lórí ayélujára. Mo wọ inú ẹgbẹ́ náà nígbà tí mo fẹ́ ṣe ètò kan nípa wọn fún rédíò. Ètò náà parí, mi ò jáde. Góòlù tí wọ́n ti gbá sínú ilé mi láti ìgbà náà, mi ò kà á mọ́.

Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ yìí ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fóònù ló ń tún ṣe lójú ọ̀nà ọjà l'Ókìtìpupa, òun sì ni ọ̀gá wa nínú gèémù náà. Ẹni tó pè ní olè jẹ́ aránṣọ, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Sútánà funfun ni ó ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà. Àwọn méjèèjì ló kù fún àṣekágbá.

Òfin ẹgbẹ́ wa le. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi màgòmágó gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í kàn lé e jáde. Wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ sí òkè ojú ewé ẹgbẹ́, wọ́n á kọ OLÈ sí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi pè mí.

“Màmá, ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ?”

“Mo ti gbọ́.”

“Ti pé wọ́n máa lé mi kọ́ ni mò ń wí. Àwọn oníbàárà mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Aṣọ funfun ni mò ń rán, Màmá. Ta ló máa gbé aṣọ funfun fún olè kó bá a rán an?”

“Ṣé o ṣe màgòmágó?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Ọjọ́rú lo máa ń borí?”

Ó ní, “Èmi náà ti rò ó. Ọjọ́rú ni ìsìn àánú wa. Mo rò pé àánú náà ni.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ á wá irọ́ tó dára ju èyí lọ.

Lórí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ẹnì kan ní kí wọ́n lé e kíá. Ẹnì kan ní bó bá jẹ́ àdúrà ló ń gbà, ṣé àdúrà kì í ṣe màgòmágó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń gbá kò gbàdúrà? Òmíràn dá a lóhùn pé, “Ìwọ náà gbàdúrà. Ta ló dì ẹ́ lẹ́nu?” Tíṣà kan ní Òde-Ìrèlè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, “Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá àṣekágbá náà ní Ọjọ́rú, kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó tì í. Èmi á lọ.”

Ọ̀gá atún-fóònù-ṣe gbà. “Kí Màmá oníròyìn náà bá a lọ,” ó wí. “Òun ò mọ gèémù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú.”

Báyìí ni mo ṣe wọ takisí lọ sí Òde-Ìrèlè ní àárọ̀ Ọjọ́rú, tí èmi àti Tíṣà sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ lọ sí Iyansan. Fóònù mẹ́ta ni Tíṣà kó sínú àpò, ó tún mú ìwé kan tó ti fa ìlà sí dání. Ó múra bí ẹni tó fẹ́ lọ wọn ilẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì la ti bá ọmọbìnrin náà. Apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù ló kún inú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò aṣọ kékeré tí òun fúnra rẹ̀ fi àjákù sútánà rán, tó kọ nọ́ńbà sí lára. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ń wọlé fún ìsìn, wọ́n á kó fóònù fún un, yóò máa ṣọ́ ọ títí wọ́n á fi jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàtà yín,” ó wí.

A bọ́ bàtà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ojú àgbàlá náà, oòrùn sì ti mú un gbóná. Èmi rọra ń lọ. Tíṣà ń fò bí adìyẹ tó tẹ iná, ó sì ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀.

Tíṣà yẹ fóònù ọmọbìnrin náà wò látòkè délẹ̀. Ojú fóònù náà ti sán. Yàtọ̀ sí gèémù náà, ìwé orin ìjọ àti àwòrán ọrùn aṣọ ló kún ibẹ̀. “Kò sí ẹ̀rọ ayédèrú kankan,” Tíṣà kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá gbé ọ̀kan nínú fóònù tirẹ̀ sí iwájú mi, ó ní kí n máa wo nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ohun tí èèyàn tẹ̀ tó dé ibi tó ń lọ kó sì padà. Bó bá kéré, bọ́ọ̀lù á máa sáré. Bó bá pọ̀, ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù á wúwo. Orí ogójì ló wà.

“Ó dára jù,” Tíṣà wí. “Nílé mi, kì í dára tó báyìí.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ókìtìpupa, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ̀gbà yí i ká. Kíkùn àdúrà ń bọ̀ láti inú ilé. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Góòlù kan wọlé. Kò pẹ́, èkejì tẹ̀ lé e.

Tíṣà ò wo góòlù. Apẹ̀rẹ̀ ló ń wò.

“Mélòó ni gbogbo fóònù yìí?”

“Wọ́n lé ní ọgọ́jọ, sà.”

“Gbogbo wọn ni wọ́n pa?”

“Òfin ìjọ ni. Ẹ̀rọ kan dún nígbà kan tí wòlíì ń ríran. Ìran náà ò tíì parí dòní.”

“Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín ńkọ́?”

“Wọ́n wà lóko ní báyìí.”

Tíṣà dìde, ó gbàgbé òkúta. “Bá mi tan ogún nínú wọn. Ogún péré.”

Ọmọbìnrin náà ò gbójú sókè. “Ẹ má bínú, sà. Fóònù olóhun ni. Wọn ò kó o fún mi pé kí n tàn án.”

“Ó lè dá ọ láre.”

“Kí n lọ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi, kí n fi lè fi hàn pé mi ò jalè?”

Tíṣà jókòó. Mo fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé mi, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdajì wákàtí kan ló yẹ kí ìsìn náà ṣì gbà. Ṣùgbọ́n wòlíì tó máa ń wàásù fún wọn ti lọ sí ìpàdé kan, igbákejì rẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ, ọkùnrin yẹn kì í sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. A kàn gbọ́ agogo ni. Ilẹ̀kùn ṣí, aṣọ funfun kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Méjìdínlógún.” “Ogójì lé mẹ́ta.” “Tèmi dà?” Ó ń fi ọwọ́ kan nawọ́ fóònù sí wọn, ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń tan fóònù bí wọ́n ṣe ń gbà á, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti dúró dè wọ́n láti àárọ̀ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo àgbàlá ń dún bí ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ.

“Màmá,” Tíṣà wí, “nọ́ńbà yẹn.”

Ó ti kúrò ní ogójì. Ó kọjá igba, ó kọjá ẹgbẹ̀ta, ó lọ dúró sí òkè ẹgbẹ̀rún. Lójú fóònù tó ti sán náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ọmọbìnrin wa dúró gbagidi. Ọ̀gá atún-fóònù-ṣe gbá góòlù mẹ́ta wọlé láàárín wọn bí ẹni tó ń rìn kọjá nínú oko ọ̀pẹ. Ó parí sí mẹ́ta sí méjì.

Ìyá ìjọ tó wá gba fóònù tirẹ̀ tẹ orí wò ó. “Ta ló na ọmọ wa?”

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé olùṣọ́ wọn máa ń gbá gèémù lẹ́nu iṣẹ́.

“A mọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń sùn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ là.”

Tíṣà ti ń rẹ́rìn-ín látìgbà tí nọ́ńbà ti gòkè. Ó ṣàlàyé fún gbogbo àwọn tó dúró pé òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo agbègbè yẹn ń pín lò. Ní ọjọ́ mìíràn, gbogbo wọn ló ń fún ara wọn lójú ọ̀nà kan náà. Ní wákàtí àánú, ọ̀nà ṣófo, ọmọbìnrin yìí nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. “Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu,” ó wí.

Ọmọbìnrin náà ń ká àwọn àpò òfìfo. “Tíṣà, kí ni wọ́n torí ẹ̀ pa fóònù?”

“Torí ìsìn.”

“Ìsìn kí ni?”

Tíṣà wò mí. “Ìsìn àánú,” ó wí, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo pe ọ̀gá wa l'Ókìtìpupa. Ariwo ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. “Màmá, ẹ bá mi yọ̀.” Mo sọ ohun tí a rí fún un. Tíṣà ti fi fídíò ránṣẹ́, ti nọ́ńbà àti ti apẹ̀rẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Àríyànjiyàn mìíràn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́, pé ó ń jẹ ànfààní. Ẹnì kan bi wọ́n pé, “Ẹni tí oko rẹ̀ wà létí odò, ṣé ó jí omi ni?” Wọ́n sọ ọ́ títí. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. “Góòlù mẹ́ta tí mo gbá yẹn,” ó kọ, “àwọn èèyàn rẹ̀ ò lè gbẹ́sẹ̀. Mi ò lè fi yangàn. Kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ká jọ lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà, ká tún un gbá.”

Ọmọbìnrin náà fèsì: “Ẹ̀gbọ́n, màá wá. Ṣùgbọ́n ife ìdíje kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ fi pè mí ní olè. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kó o padà.”

Gbogbo ẹgbẹ́ gbà pé ó tọ́. Ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí mo tíì rí tí wọ́n fẹnu kò sí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa lọ́jọ́ kejì nígbà tó fẹ́ gba àforíjì náà sílẹ̀. Ó wẹ ojú. Ó ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó ń pe olè, Yorùbá ilé-ìwé ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Èdè Ìkálẹ̀ tiwa ló fi tọrọ àforíjì, bí ẹni tó wà nílé. Ó ní òun ṣẹ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ fi tán nínú rẹ̀. Ó wò mí, mo wo àjà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn òbí ọmọbìnrin náà, ó kí ìyá ìjọ, ó kí igbákejì wòlíì fún ìwàásù kúkúrú. Ó ní bí òun bá di Aládùúrà lọ́la, òun ò ní wọ sútánà tí ẹlòmíràn rán. Òógùn bò ó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Èsì ọmọbìnrin náà pẹ́ kó tó wọlé, torí Ọjọ́bọ̀ ni, fóònù gbogbo ará Iyansan wà ní títàn.

“Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dárí jì yín. Ó ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀.”

Ọ̀gá wa nu ojú. Ó tún gbé fóònù sí ẹnu, ó sì bi mí lábẹ́lẹ̀ pé, “Màmá, ta ló tún kù tí mi ò tíì kí?”