Apá Ìparí Tó Wà Lọ́wọ́ Alásíá

Owó tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa, Tchaourou, ń san lónìí láti fi ra íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, nígbà tí èmi wà ní ọ̀dọ́, ìwé tó nípọn bíi bíríkì ni ì bá rà, yóò sì ṣẹ́kù èyí tí a ó fi jẹ dùndú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí ọkọ̀ yóò fi dé. Mo máa ń sọ èyí fún wọn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́kadà kan tó máa ń wá sáàjì fóònù rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tó sì ń pè mí ní Tonton bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Tonton, nígbà yẹn náà, ẹ ò lówó ọ̀hún." Òótọ́ ló sọ. A ò ní i. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pín ìwé kan sí márùn-ún.

Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú yìí láti ìgbà tí mo ti yunifásítì dé. Ó yẹ kí n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ti fi í sílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ní àsìkò kajú, àwọn ará àdúgbò máa ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn kó àpò wọn sí igun kan, mo sì ń gbà fún wọn, torí àpò kajú ń wọlé ju èèyàn lọ. Àwọn tó bá wọlé, ibòji àti ibi tí wọ́n ti lè sáàjì fóònù ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó sídìí àwọn ìwé, wọ́n á máa wo fóònù. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti àwọn tó ń sọ ìtàn fíìmù: ohùn ọkùnrin kan á ròyìn fíìmù odindi láàárín àkókò tí èèyàn lè fi bó ọsàn kan, á sọ ẹni tó kú, á sọ ta ló fẹ́ ta, ó parí. Èmi náà máa ń wò ó. Mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó tán, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ikú ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí.

Ní tiwa, àwa márùn-ún la jọ ń kàwé: èmi, aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà ọjà, oníṣòwò iṣu kan láti Tchatchou, olùkọ́ obìnrin kan, àti alásíá, ìyẹn ọkùnrin tó ń ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin. Láti Kútọnu ni ìwé ti ń bọ̀, ẹ̀dà kan péré. Aránṣọ á fi abẹ fẹ́lẹ́ gé òwú ẹ̀yìn ìwé náà, á pín in sí apá márùn-ún, oníkálukú á mú ọ̀kan lọ. Tó bá di ọjọ́ ọjà, a ó pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin, a ó ṣe pàṣípààrọ̀. Nítorí náà, ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹlòmíràn lè ka ìparí kó tó mọ orúkọ ẹni tí ìtàn ń sọ nípa rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kà, àfi ìgbà tí apá márààrún bá ti yí gbogbo wa ká tí aránṣọ sì ti rán wọn pọ̀ padà. "Mo tú ìwé," aránṣọ á wí, "mo rán ẹnu yín." Lọ́jọ́ tó bá rán ìwé pọ̀, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ibùdókọ̀, a ó sì máa jiyàn títí oòrùn á fi wọ̀.

Bí ìparí bá kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò iṣu, ojú rẹ̀ la ó ti mọ̀ ọ́n. Bó bá fajú ro, ẹnì kan ti kú nínú ìwé nìyẹn. Alásíá nìkan ni a kì í rí nǹkan kà lójú rẹ̀. Ó dà bíi pé ojú irin ni wọ́n fi rọ ọ́.

Ìwé tí a tú kẹ́yìn kò ní èèpo, a kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ló bọ́ sọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan ni, tó gbé ẹ̀wù àbúrò rẹ̀ dání, tó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú etíkun láti wá àbúrò náà, nítorí ó ti pẹ́ tó ti lọ tí kò fi ìwé ránṣẹ́. A kò ṣe pàṣípààrọ̀ kankan lórí ìwé yẹn. Kí ọjọ́ ọjà tó kò, wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí Ṣábẹ̀. Wọ́n gbé alásíá lọ sí ibùdókọ̀ mìíràn ní ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ ń dínkù, títí kò fi wá mọ́. Oníkálukú di apá tirẹ̀ mú, ìparí sì wà lọ́wọ́ alásíá. Bí mo ṣe lo gbogbo ọjọ́ ayé mi láàárín ìwé nìyẹn, láìmọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn rí àbúrò rẹ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé alásíá, tó ti fẹ̀yìntì padà sí ilé rẹ̀ nídìí ibùdókọ̀, ń húkọ́ tí kò lọ, mo pinnu láti kó ìwé náà jọ. Aránṣọ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó nawọ́ sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fa apá kejì jáde, ó ń rùn fún òróró. Oníṣòwò iṣu ti kú. Ọmọ rẹ̀ rí apá kẹta nínú ọ̀rá, ó fi í rán awakọ̀ kan sí mi láti Tchatchou. Olùkọ́ ní òun kò lè fi tòun sílẹ̀, pé òun á máa ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú gbogbo àwòrán náà.

"Ìyá olùkọ́," mo wí lórí fóònù, "ẹ bá mi yára díẹ̀."

"Ẹ má kán mi lójú. Ọkùnrin inú ìwé ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi báyìí, òjò sì ń pa á. Bí mi ò bá kọ́kọ́ kà á, kí ni mò ń fi ránṣẹ́?"

Mo lọ sọ́dọ̀ alásíá. Ó jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Oníwèé," ó ní, "ṣé o wá kí mi ni, tàbí o wá gba ìwé?"

"Méjèèjì ni."

"O ò mọ irọ́ pa rí. Ìwé lo wá gbà."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ fún mi bóyá ọkùnrin yẹn rí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé gbogbo yín ti ka àwọn apá yòókù?"

"Ó ku ti olùkọ́. Ó ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé aránṣọ ti rán an pọ̀?"

"Aránṣọ ò ríran mọ́."

"Mi ò bi ọ́ nípa ojú rẹ̀. Ẹnu mi ṣì wà ní rírán. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e wá, màá sọ ọ́ fún yín."

"Bó o bá kú ńkọ́?"

"Kí olùkọ́ yára nígbà náà."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. Màá sọ ọ́ ló wí. Kò wí pé òun á mú un wá. Mi ò fiyè sí i.

Ọlọ́kadà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, àánú mi ṣe é. Ó ní òun á bi ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè nínú fóònù òun. Ó ròyìn ìtàn náà fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́, fóònù sì dáhùn kíákíá pé ọkùnrin náà bá àbúrò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo ní kó tún bi í. Fóònù ní àbúrò náà ti rì sínú òkun. Nígbà kẹta, ó ní kò sí àbúrò kankan rárá, ọkùnrin náà ló lá a lálàá.

"Bọ́n, ó dáa," ọlọ́kadà wí, "Tonton, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Alásíá kú nígbà tó ku ojú-ìwé díẹ̀ kí olùkọ́ parí. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí. Lẹ́yìn fídáù, mo lọ bá aya rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ó ní apá ìwé kan nílẹ̀."

"Ikán ti jẹ ẹ́, Bàbá. Kí a tó kó padà wá síbí ni ikán ti jẹ ẹ́. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní inú orí òun ló wà."

"Ṣé ó sọ fún ọ bó ṣe parí?"

"Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, 'Ìwọ tí o ò ka ìbẹ̀rẹ̀?' Ó bá yíjú sí ògiri."

Mo tẹ àwọn àwòrán olùkọ́ sórí bébà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì hàn níbẹ̀ dúdú. Aránṣọ fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rán wọn pọ̀. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kí ìkarùn-ún wà, ó dúró, ó bi mí bóyá kí òun ta òwú ní kókó. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní, "Kò yẹ kí n rán ẹnu yẹn le tó bẹ́ẹ̀." Ìwé náà wà lórí pẹpẹ báyìí, òwú ń já bọ́ lára rẹ̀, àpò kajú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó gbé e wò.

Aránṣọ ṣì wà láàyè, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Oníṣòwò iṣu ti lọ. Olùkọ́ wà ní Ṣábẹ̀, ó ṣì ń bi mí lórí fóònù bóyá alásíá ti sọ nǹkan, torí ó máa ń gbàgbé pé ó ti kú, èmi náà kì í sì í rán an létí lójoojúmọ́. Alásíá ti lọ. Èmi ṣì wà.