Odò Tí Zulfah Kò Rí

Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹ̀rù wọ inú Zulfah, kì í sì í ṣe olè tàbí ọlọ́pàá ló mú un wá. Odò ni. Odò náà kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, inú kọ̀ǹpútà ló wà, Onome ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí Onome ti ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó ní Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ ti Zulfah wà ní Warehouse Road ní Àpápá, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba kọ̀nténà jáde ní pọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, géèmù orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ ń ṣẹ̀dá. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti ìbọn. Irú èyí tí ẹni tó ń fi í ṣeré yóò di èèyàn kan nínú ìtàn ni. Yóò máa ti ilé dé ilé, yóò máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì yàn láti ṣe ni ìtàn yóò tẹ̀lé. Nínú tiwọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàbí gbọ́ pé omi ń bọ̀ wá gbé àdúgbò òun lọ, ó sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kó tó pẹ́ jù. Àwọn kan á gbà á gbọ́, àwọn kan á lé e jáde. Zulfah ló ń kọ ọ̀rọ̀, Onome ló ń ya àwòrán. Wọn ò retí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ọkàn wọn fẹ́ ni, bí ọkàn ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ohun tí wọn ò tíì rí yanjú ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi ṣe é. Irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí yanrìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ọ̀kan wò, ó wúwo ju laptọ́ọ̀pù àlòkù Zulfah lọ, ń ṣe ni ẹ̀rọ náà ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé òmíràn wò, gbogbo igi inú rẹ̀ ló jẹ́ igi òyìnbó tí yìnyín bò. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń dán wò lọ́jọ́ náà. Èyí máa ń jẹ́ kéèyàn to àwòrán kéékèèké onígun mẹ́rin pọ̀ bí ẹni ń to táìsì, títí wọn yóò fi di odidi àdúgbò. Onome ti to ilé, ó ti to ojú irin bíi ti Ìjọra Badia, ó sì ti fi odò sí apá òsì.

Zulfah mú Àṣàbí rìn. Àṣàbí kó sínú omi. Ó tún un mú, ó tún kó sómi. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, Onome yíjú sí i.

"Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Omi wo ló tún kó sí?"

"Omi tó wà níwájú ẹ yìí ńkọ́?"

"Kò sí omi níbẹ̀," Zulfah wí. "Onome, ètò yìí ò dáa. Ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Jẹ́ ká wá òmíràn."

Onome kàn na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. Bí Zulfah ṣe yí orí tẹ̀lé ìka yẹn, odò yọ sí i, aró rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí Onome fi sórí rẹ̀. Ó dá orí padà sáàárín. Odò kò sí mọ́.

"Ó lè jẹ́ pé iná kọ̀ǹpútà ò tàn dáadáa," Zulfah wí, ó sì pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nini.

Ẹni tó bá mọ ilé tó ti jáde ló lè mọ ohun tó mú ọwọ́ rẹ̀ tutù. Àlíù bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó fi tírélà wíwà tọ́ ọmọ ní Olódì-Àpápá, ti fọ́jú. Glọkómà ni wọ́n pe àrùn náà ní ọsibítù. Bàbá máa ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. "Etí ló ti ń jẹ ẹ́ wá, bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì. Àárín á ṣì wà níbẹ̀, ìwọ á rò pé odindi lò ń wò." Wọ́n ti sọ fún wọn nígbà náà pé irú àrùn yẹn máa ń rìn nínú ẹbí, pé kí àwọn ọmọ máa yẹ ojú wò. Zulfah ò lọ. Ó ní ọmọdé lòun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó dúró síwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Ó rí kàlẹ́ńdà, ó rí férémù ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó bo ti ọ̀tún. Kàlẹ́ńdà wà, ilẹ̀kùn ti lọ. Kò dúdú níbi tí ilẹ̀kùn wà o. Ká ní ó dúdú ni, ì bá tún sàn. Kò kàn sí nǹkan kan níbẹ̀ ni, bíi pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ ilẹ̀kùn sí ilé náà rí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ń ro gbogbo ohun tó ti lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí òun ò rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń sọdá títì níwájú ọ́fíìsì wọn. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún bí gbogbo èèyàn, ó gbé ẹsẹ̀. Ọwọ́ kan gba híjáàbù rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó fà á padà, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì gba ibi tí ì bá dúró sí kọjá. Ejike tó ń ṣọ́ géètì ló fà á.

"Sista, yu no si am?"

"Mo rí i," Zulfah wí. Irọ́ ni.

Àárín ìgbà yẹn ló wá rántí ètò kan tí Onome ti yọ ṣùtì sí látìbẹ̀rẹ̀. Ètò náà ò ní àwòrán àdúgbò rárá, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré á ka ohun tó ṣẹlẹ̀, á yan ohun tó fẹ́ ṣe nínú méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, ìtàn á máa lọ. Kò wúwo, fóònù lásán lè gbé e. Fóònù sì lè kà á sókè fún ẹni tí kò bá rí i kà. Ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, Zulfah kọ ilé àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, ó fi íápíìsì fóònù sétí, ó di ojú, ó ní kó máa kà. Ohùn inú fóònù pe Àṣàbí bí òyìnbó tí iyán há lọ́fun. Síbẹ̀ ó yé e. Ó tẹ èkínní, ìtàn ṣí. Ó tẹ èkejì, ó tún ṣí. Kò sí odò tó lè sá pamọ́ fún un níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kó tó wá yé e pé bí afọ́jú ṣe ń ṣe ni òun jókòó tí òun ń kọ́, lọ́sàn-án gangan, láàárín àwọn èèyàn. Ó yọ íápíìsì náà kíá bí ẹni tí kòkòrò ta.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ó sọ fún Onome pé ètò ọlọ́rọ̀ lásán ni kí wọ́n mú.

"Àwòrán mi ńkọ́?" Onome bi í.

"Kò ní lè gbà á."

"Látìgbà wo lo ti mọ̀ pé o ò fẹ́ àwòrán mi?"

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá dé?"

Zulfah ń rò ó pé tí òun bá ti sọ ọ̀rọ̀ ojú náà fún ẹnì kan, ó ti di òótọ́ nìyẹn, ọwọ́ òun ò sì ní ká a mọ́. Ó ní ètò yẹn kàn yá ju èkejì lọ ni. Onome kó àwọn ìwé tó ti ya àwòrán sí, ó tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, ó ní òun ní iṣẹ́ àwọn oníbàárà láti ṣe.

Bàbá rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó wọlé dé láti ibi iṣẹ́, bàbá jókòó ti rédíò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Zulfah, o tún ti gbá àga yẹn."

"Wọ́n gbé e síbi tí kò yẹ ni, sà."

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń wà. Apá òsì rẹ lo fi ń gbá a, ojoojúmọ́. Ojú ló fọ́, etí ò fọ́." Ó pa rédíò. "Ojú rẹ ni, àbí?"

Zulfah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Ó bà mí náà. Mo gbé e sábẹ́ àga tírélà, mò ń wà á kiri, títí ọjọ́ tí mi ò rí etí afárá mọ́." Ó na ọwọ́, ó wá orí ọmọ rẹ̀ rí, ó gbé e lé e. "O ò lọ sí Àpápá lọ́la. Ọsibítù lò ń lọ."

"Tí wọ́n bá ní ó ti bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí o ṣì ń rí ẹnu wọn."

Ní ọsibítù, wọ́n di ojú rẹ̀ kan, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹnu ẹ̀rọ kan tí inú rẹ̀ funfun bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ èèyàn. Wọ́n fi bọ́tìnnì sí i lọ́wọ́. Kó máa wo àárín, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá ti yọ níbikíbi, kó tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Òmíràn yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan kan. Ó dúró. Kò mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ò tíì dé ni, tàbí wọ́n ti ń dé, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ̀rọ náà ń dún kì, kì, ó sì dà bíi pé dídún kọ̀ọ̀kan ń ka ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì lásán.

"Mà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tí ẹ ò bá rí i," obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò wí pẹ̀lẹ́. "Ara yín lẹ máa tàn jẹ."

Ó sinmi ọwọ́, ó sì jẹ́ kí èyí tí kò rí máa kọjá.

Dókítà Afọlábí, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, fi àwòrán àyẹ̀wò hàn án. "Glọkómà ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì ti lọ púpọ̀, tọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti lọ ò lè padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a lè di èyí tó kù mú."

"Títí di ìgbà wo, mà?"

"Mi ò lè sọ. Ẹ máa kán oògùn sójú lójoojúmọ́, a ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún tòsì."

Kó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, ó gba ṣọ́ọ̀bù Onome lọ. Kò jókòó. "Kì í ṣe ètò yẹn ló ń jẹ àwòrán," ó wí. "Ojú mi ni."

Onome gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "O mọ̀ látìjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀."

"O wá jẹ́ kí n máa rò pé àwòrán mi ni kò dáa."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Onome ò ki í pẹ̀lẹ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ètò ọlọ́rọ̀, òun náà di ojú. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fajú ro. "Ohùn yìí ò lè ka Yorùbá. Èmi ni màá ka ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò sínú rẹ̀. Ìwọ ka ti Àṣàbí." Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà láti bá a lọ.

Wọn ò kùn ún lóorun. Abẹ́rẹ́ mú kí ojú rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n òun wà láàyè, ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lókè orí rẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá wà lábẹ́ omi, ó ń gbọ́ irin tó ń kan irin. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, gbogbo nǹkan rí kùrukùru, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Ojú náà mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wá.

Géèmù ti dé ilé kẹrin báyìí. Wọ́n ti wá rí i pé ètò ọlọ́rọ̀ náà lè gba àwòrán kan lójú ìwé, Onome sì ń ya àwòrán ńlá kan ṣoṣo fún ilé kọ̀ọ̀kan, sáàárín gbùngbùn. Bàbá Zulfah ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi í ṣeré. Ó fi etí gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n má sọ fún òun ibi tí ìtàn máa parí sí, ó sì bá wọn jà nítorí ará ilé kejì tí kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Zulfah máa tún jókòó síwájú ẹ̀rọ funfun yẹn. Kò tíì sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Warehouse Road pé ojú òun rí bó ṣe rí. Ó ní òun máa sọ ọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sì tíì mọ ọjọ́ tí òun máa lè la ẹnu.