Ẹni Tí A Kò Pè

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni ìyàwó mi ń bó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, nínú ilé tí a háyà ní Bantama, nílẹ̀ Aṣanti. Ó gbé ìwé tó ń kọ ìtàn sí lé itan, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń ṣí i kí oje má baà ta sí i.

Ìtàn àròsọ ni, nípa obìnrin kan tí a fún ní agbára: òkú tó bá ti fi orúkọ pè yóò jí, ṣùgbọ́n alààyè tó bá wà nítòsí jù lọ ni ikú yóò mú dípò rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà wá kú. Ibẹ̀ ni ìtàn dé.

Mo ní, “Kí ló dé tí kò fi pè é?”

“Tíṣà, ta lẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀?” Ó na ọ̀bẹ sí mi. “Ẹ gbà, ẹ bá mi bó o. Ẹnu nìkan lẹ ní.” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Bó bá kàn mí, ẹ má pè mí o.”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ṣubú. A gbé e sínú takisí lọ sí ọsibítù. Bí èémí rẹ̀ ti ń dínkù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Adum, bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe pe orúkọ rẹ̀, bí àwa Yorùbá ti máa ń pe ẹni tó ń lọ kó lè padà.

Ó dì mí lápá mú. “Ẹ pè é! Ohùn yín ló máa gbọ́! Àbí ẹ ti yadi ni?”

Ìyàwó mi lajú, ó ń wo ẹnu mi. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ń retí kí n pè é ni, tàbí ó ń ṣọ́ mi kí n má pè é. Mo pa ẹnu mọ́ títí èémí rẹ̀ fi tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ ìjọ wa ló ń gbé oúnjẹ wá. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò lè parí iṣẹ́ kankan. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, gbogbo ará ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku èmi àti ìyá onílé, arúgbó ará Aṣanti tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mi. Mo mú bírò kí n parí ìtàn náà. Mo kọ ọ́ pé obìnrin náà lanu, ó pe ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wo bébà, orúkọ ìyàwó mi ni mo kọ síbẹ̀.

Ọ̀bẹ dún lórí àwo ní ilé ìdáná. Òórùn oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé. Lábẹ́ fèrèsé, ìgbálẹ̀ dákẹ́.

Mo dúró de ìró rẹ̀. Kò dún. Ọlọ́run mọ bí mo ti fẹ́ dìde lọ wo ilé ìdáná tó.

Mo fa igi lé orúkọ náà, mo tún fà á, títí bébà fi ya.

Ìyá onílé wúkọ́. “Due,” ó ń bá mi kẹ́dùn láti ìta, bí wọ́n ti ń ṣe níbí. Ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mo parí ìtàn náà sábẹ́ ibi tó ya: Obìnrin náà pa ẹnu dé, ó sì jẹ́ kó máa lọ.